Àkàrà Tí Màmá Fi Gba Orúkọ Padà

Màmá, ìyá tó bí Daddy mi, kì í ra tòmátì láì da apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ra tòmátì lọ́jà Mile 12 l'Ékòó rí mọ̀ pé àwọn tó wà lójú apẹ̀rẹ̀ máa ń pupa, wọ́n á máa dán, àmọ́ Ọlọ́hun nìkan ló mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Màmá máa ń gba tiwọn lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń kó o bọ̀ láti òkè Ọya, wọ́n á wá tà á fún àwọn tó ń se oúnjẹ. Kí wọ́n tó gbà á, wọ́n á ní kí wọ́n tẹ́ àpò sílẹ̀, kí wọ́n da gbogbo ẹ̀ lé e. Bí ẹni tó ń tà bá ń kùn, wọ́n á jókòó lé àpótí wọn, wọ́n á máa wo ibòmíràn títí onítọ̀hún á fi dà á. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un náà ni pé, "Ojú apẹ̀rẹ̀ kọ́ la fi ń se ọbẹ̀."

Màmá kú nígbà tí òjò ọdún yìí ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ náà la sin wọ́n, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí, a sì ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Kì í ṣe ìtàn ayé wọn ni mo jókòó láti kọ. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, àwọn gan-an ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń mu tíì, mo mọ bí wọ́n ṣe ń jà, mo sì mọ ohun kan tí wọ́n ṣe fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, èyí tó jẹ́ pé òun ni mo fi ń mí dáadáa títí di òní. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ ara tù mí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí tíì. Màmá á bu ṣúgà sí i, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní ṣíbí ló kéré, wọ́n á tún bu òmíràn. Nígbà tí dókítà ọsibítù kan ní kí wọ́n yéé jẹ ṣúgà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ṣàdúà fún un, wọ́n délé, wọ́n sì pè mí. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Wọ́n ní, "Dókítà mi, ṣé kí n mu tíì?" Mo ní kí wọ́n mu ún. Daddy fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Mi ò lè máa gbọ́ ti dókítà méjì pa pọ̀."

Màmá kì í di irun. Ìka wọn gùn, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo ará ilé wa n'Ìkòsì ló sì máa ń sọ pé irú ìka bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa di ṣùkú. Ọmọ-ọmọ obìnrin pọ̀ nínú ilé, síbẹ̀ wọn ò fọwọ́ kan orí ẹnì kankan nínú wa rí. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé, tí onídìrí wa ò sí nílé, ó tẹ́ Màmá lọ́rùn kí n gbé orí játijàti lọ bá tíṣà. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ti parí iṣẹ́ yẹn kó tó dé Èkó."

Ní ti ìjà, Màmá mọ̀ ọ́n jà. Èyí tó pẹ́ jù ni ti àwọn àti Ìyá Alálùbọ́sà, tí ìsọ̀ wọn kángun sí ti Màmá. Páànù ìsọ̀ Màmá ló ń da omi òjò sórí àlùbọ́sà ìyá náà, àlùbọ́sà ò sì fẹ́ràn omi. Ìyá Alálùbọ́sà ní kí Màmá gé páànù wọn, Màmá ní kí wọ́n sún àlùbọ́sà wọn sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó gé, kò sẹ́ni tó sún. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Síbẹ̀, tí ọ̀kan bá lọ kírun, èkejì ló ń bá a ṣọ́ ọjà, á tiẹ̀ tún bá a tà á bí oníbàárà bá dé. Ọ̀rọ̀ náà ń yà mí lẹ́nu. Mo bi Màmá pé kí ló dé tí wọ́n ń ṣọ́ ìsọ̀ ẹni tí wọn ò bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹnu ni mo fi ń bá a jà, mi ò fi ojú jà."

Ẹ ti gbọ́ tí Màmá pè mí ní Dókítà lókè, mi ò tíì sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ràhímọ́tù lorúkọ mi, Àníkẹ́ sì ni oríkì mi. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin, Màmá ti ọjà dé pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, wọ́n na gbalaja sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo lọ gbé ọwọ́ lé iwájú orí wọn, mo ní, "Ó ti lọ." Wọ́n ní ó lọ lóòótọ́. Èrò tèmi ni pé omi tútù ló ṣiṣẹ́ náà, torí inú ike omi ni mo ti ń ṣeré kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo ìlà tòmátì ti gbọ́ pé Alájà, bí wọ́n ṣe ń pe Màmá lọ́jà, ní dókítà nílé. Ọ̀rọ̀ náà dé mọ́ṣáláṣí, ó dé Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti bí Màmá. Àwọn Hausa tó ń já ẹrù ń pè mí ní Likita, torí bí wọ́n ṣe ń pe dókítà nìyẹn. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní kí kálukú múra bí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú, Daddy ra ẹ̀wù funfun fún mi, wọ́n ya fọ́tò mi, wọ́n sì gbé e kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó pè mí ní Àníkẹ́ mọ́.

Ó dùn mọ́ mi nígbà yẹn, ẹ má rò pé ó ń dùn mí. Bí mo bá dé ọjà, àwọn ìyá á na orúnkún wọn sí mi, wọ́n á ní kí n wò ó. Mo ní oògùn kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, pé kí wọ́n lọ mu omi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fún mi lọ́sàn. Àmọ́ àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, nígbà tí mo sì fi máa wọ kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní jọ́níọ̀, ìjánu náà ti ń há mi lẹ́nu. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀wé. Kì í sì ṣe pé mo ní iṣẹ́ mìíràn lọ́kàn. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe rárá, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Nílé wa, wọ́n ti dáhùn ìbéèrè náà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó lè bi mí mọ́.

Nígbà họlidé tó ṣáájú SS1, mo wà lọ́jà pẹ̀lú Màmá nígbà tí alábàárù kan tó ń jẹ́ Sani fi ẹsẹ̀ tẹ ìgò tó fọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo ilẹ̀. Kíá ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pariwo, "Dókítà Alájà dà? Ẹ pè é wá." Wọ́n tì mí síwájú, wọ́n sì yà fún mi bí wọ́n ṣe ń yà fún èèyàn ńlá. Sani gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Likita, don Allah." Ó ń bẹ̀ mí nítorí Ọlọ́hun, ó gbà pé mo lè ṣe é. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan ọkùnrin náà, torí dókítà ti dé. Àgbàlagbà tó tó báyẹn dúró, wọ́n ń retí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Mo bú sẹ́kún.

Màmá ló já àárín èrò wọlé. Wọ́n ṣí gèlè orí wọn, wọ́n fi di ẹsẹ̀ Sani pinpin, wọ́n ní kí wọ́n gbé e lórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Mi ò rí irun funfun wọn níta rí àfi ọjọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń di ẹsẹ̀ yẹn, wọn ò wò ó, èmi ni wọ́n ń wò. Nígbà tí à ń lọ sílé, wọ́n ra àgbàdo yíyan fún mi, wọ́n wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀.

"Ṣé bó ṣe máa ń bà ọ́ lẹ́rù nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Tí wọ́n bá kàn pè ọ́ náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mi orí, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú títí a fi délé. Sani lọ sílé lókè Ọya kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè san, a ò sì tún rí i nínú ọjà wa.

Ìwọlé kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní SS1, èèyàn gbọ́dọ̀ mú kíláàsì kan nínú sáyẹ́ǹsì, àátì àti kọmáṣà, èyí tó bá sì mú ni yóò bá a dé yunifásítì. Daddy ti sọ fún ilé ẹ̀kọ́ pé sáyẹ́ǹsì ni tèmi. Daddy kì í ṣe èèyàn líle o. Ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ógùdù, ó sì máa ń fi fọ́tò ẹlẹ́wù funfun yẹn han àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Sunday, Màmá pè é sí yàrá wọn, wọ́n ní kí èmi náà jókòó.

"Wàsíù, ọmọ yìí ò ní ṣe dókítà."

"Ha, Màmá. Ẹ̀yin náà lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ now. Ẹ̀yin lẹ sọ pé dókítà ni."

"Èmi ni. Òun ló jẹ́ kí n máa sọ fún ẹ."

Daddy kọjú sí mi. "Okay. Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

Mo ní mi ò tíì mọ̀.

Daddy rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín dáadáa. "Ẹ gbọ́ o. Kò tíì mọ̀. Ìwé SS1 ti dé ọrùn, kò tíì mọ̀. Màmá, ọmọ Bọ̀dá tó wà nísàlẹ̀ yìí, lawyer lòun, wọ́n ti ń pè é ní barrister. Tèmi ò mọ̀."

Màmá ro tíì wọn. "Tòmátì tó ti pọ́n tán lóko, ṣé ó máa ń dé Mile 12?"

Inú ìsọ̀ ni wọ́n ti tọ́ Daddy dàgbà, kò nílò àlàyé. Àwọn tó ń já tòmátì lókè Ọya kì í já èyí tó ti pupa tán fún ọ̀nà Èkó. Èyí tó ṣì le, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ pupa díẹ̀, ni wọ́n ń kó sínú apẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà ló ti ń pọ́n. Èyí tó bá ti pọ́n kó tó gbéra á ti di omi kó tó dé Jẹ́bà. Daddy ní, "Kì í dé."

"Fi í sílẹ̀ kó pọ́n lójú ọ̀nà."

Lẹ́yìn náà ni Màmá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́ rí. Wọ́n na ọwọ́ wọn méjèèjì síwájú wa. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé n'Ísẹ́yìn, àǹtí bàbá àwọn wo ìka àwọn, wọ́n ní onídìrí lọmọ yìí. "Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo di irun títí wọ́n fi mú mi relé ọkọ, mo tún dì í nílé ọkọ. Gbogbo orí tí mo dì, mi ò gbádùn ọ̀kan. Ọjọ́ tí mo bá mọ́tò oníṣu wá sí Ketu, mo ní ọwọ́ mi ò kan orí ẹnikẹ́ni mọ́." Wọ́n kó ọwọ́ náà padà sórí ẹsẹ̀ wọn. "Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni mo tún lọ ṣe fún ọmọ yìí."

Daddy ò lè wo ojú wọn. Ó ní, "Màmá, gbogbo ọjà ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu mélòó lẹ fẹ́ dí?"

Màmá ní, "Ẹnu tí mo fi orúkọ sí, màá fi oúnjẹ dí i."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dín àkàrà. Àwọn obìnrin ilé bá wọn bó ẹ̀wà, wọ́n gbé agbada sáàárín ọgbà, wọ́n sì ra ẹ̀kọ tì í. Sàárà ni wọ́n pè é. Wọ́n pín in yí ká ilé, lẹ́yìn náà ni a gbé ìyókù lọ sọ́jà, èmi ló gbé abọ́. Ìsọ̀ tí a bá dé, wọ́n á ní, "Alájà, ta ló bímọ? Àbí arúgbó wo ló lọ?" Màmá á ní, "Ẹnikẹ́ni ò bímọ, ẹnikẹ́ni ò kú. Orúkọ ni mo wá gbà padà." Wọn ò ní jẹ́ kí o bu àkàrà jẹ títí o fi máa gbọ́ ọ tán: "Dókítà tí mo sọ ọmọ yìí, mo ti gbà á padà. Ràhímọ́tù ni. Ẹni tó bá jẹ nínú àkàrà yìí, kò gbọdọ̀ pè é ní Dókítà mọ́." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alfa mọ́ṣáláṣí ọjà tiẹ̀ ní òun ò gbọ́ irú sàárà bẹ́ẹ̀ rí. Màmá bi í bóyá ó máa jẹ ẹ́ àbí kò ní jẹ ẹ́. Alfa jẹ ẹ́.

Ìsọ̀ Ìyá Alálùbọ́sà ló gbẹ̀yìn. Mo rò pé a máa fò ó ni. Màmá dúró níwájú wọn, wọ́n sọ tẹnu wọn, wọ́n sì na àkàrà sí wọn. Ìyá Alálùbọ́sà gbà á, wọn ò tíì jẹ ẹ́. Wọ́n ní, "Alájà, ṣebí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ."

Màmá ní, "Ilé ni mo wò. Mi ò wo ọmọ."

Ìyá Alálùbọ́sà jẹ àkàrà náà tán pátá, wọ́n nu ọwọ́ wọn. Wọ́n wá ní, "Ràhímọ́tù, bá mi bu omi wá." Àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi orúkọ mi pè mí nínú ọjà yẹn. Mo sáré lọ bu omi, mo sì dúró sẹ́yìn àwọn àpò àlùbọ́sà, mo sunkún ayọ̀. Ara mi ò tíì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Daddy ò fọwọ́ kan àkàrà tiẹ̀ lọ́jọ́ náà. Abọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì títí ilẹ̀ fi ṣú, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ṣófo. Mo sọ fún Màmá pé bóyá ebi ló pa á. Wọ́n ní, "Ebi ni o, òye ni o, ó ṣáà ti wọ ikùn." Daddy lọ sílé ẹ̀kọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú èyí tó bá wù mí, mo sì mú àátì. Fọ́tò náà pẹ́ kó tó kúrò lára ògiri, mi ò bá a jà.

Ẹ má rò pé mo pọ́n kíákíá. Mo ní télọ̀ ni mo fẹ́ ṣe, Màmá ní ṣé mo ti da apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí n lọ wo ìsàlẹ̀ iṣẹ́ náà. Mo lọ jókòó lọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Ketu fún họlidé kan, ẹ̀yìn mi sọ ohun tó rí. Mo ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, mo tún yí i padà. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ pé, "Ó ń pọ́n bọ̀." Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé l'Ájégúnlẹ̀, lápá Owódé, omi sì máa ń wọlé bá wọn lọ́dọọdún. Mo fẹ́ mọ ibi tí omi náà ti ń wá. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka jọ́gíráfì tọkàntọkàn nìyẹn, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì lónìí. Nígbà tí mo sọ fún Màmá pé iṣẹ́ tíṣà ni mo rí, wọ́n bu ṣúgà sí tíì wọn. Wọ́n ní, "Wọ́n ní ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Tí mo bá ṣáájú ẹ débẹ̀, màá bá ẹ gbà á."

Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé, tó pè mí ní Dókítà, ìbéèrè kan náà ni Màmá máa ń bi í: "Ṣé o ò jẹ nínú àkàrà yẹn ni?"

Nígbà tí àìsàn wọn le lọ́sibítù, gbogbo ẹbí dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ń wo ojú dókítà tó wọlé. Mo rí bí wọ́n ṣe ń wò ó. Bí Sani ṣe wò mí lọ́jọ́sí nìyẹn. Ká ní Màmá ò gba orúkọ yẹn padà ni, èmi ni wọn ì bá máa wò bẹ́ẹ̀, ǹ bá sì máa ronú ohun tí mi ò lè ṣe. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo kàn di ìka gígùn wọ̀nyẹn mú. Wọ́n ṣí ojú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Àníkẹ́." Mo ní, "Màmá." Ọmọ-ọmọ wọn ni mo jẹ́ níbẹ̀, mi ò jẹ́ nǹkan míì, mo sì dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ, a dín àkàrà n'Ìkòsì, torí bí àgbàlagbà bá lọ, a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ọjà wá. Lẹ́yìn àdúà, bàbá Hausa kan wọlé, ó ń tiro díẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó wò mí títí, ojú rẹ̀ wá tàn. Ó ní, "Likita!"

Sani ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá sí Mile 12, ó sì gbọ́ pé ìyá tó fi gèlè di ẹsẹ̀ òun ti kú. Inú mi dùn láti rí i, àmọ́ àyà mi tún já bíi ti ọjọ́sí. Kí n tó lanu, mo gbọ́ ohùn Ìyá Alálùbọ́sà láti orí àga tí wọ́n jókòó sí.

"Ìwọ, ṣé o ò jẹ nínú àkàrà yẹn ni?"

Kò jẹ níbẹ̀ lóòótọ́. Òkè Ọya ló wà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ dídì. Ìyá Alálùbọ́sà fi ọ̀pá ti ara wọn dìde, wọ́n mú àkàrà kan nínú abọ́ Màmá, wọ́n fi lé e lọ́wọ́, wọ́n sì sọ òfin rẹ̀ fún un bí Màmá ṣe máa ń sọ ọ́, wọn ò fi ọ̀kan sílẹ̀. Sani gbọ́ ọ tán. Ó jẹ ẹ́, ó nu ọwọ́, ó wá kọjú sí mi, ó kí mi lédè wọn.

"Sannu, Ràhímọ́tù," ló wí.